Ilẹ̀kùn Ti Tì

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Èmi Káyọ̀dé rèé, Ṣadé ló jókòó tì mí. A ní owó ilé la máa sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, bó ṣe ń gun òkè...

ṢADÉ: Ẹ ò ní í sọ ọ́.

KÁYỌ̀DÉ: N ò ní í sọ ọ́. Ṣadé, ọmọ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

ṢADÉ: Ọmọ ilẹ̀kùn.

KÁYỌ̀DÉ: Ọmọ ilẹ̀kùn! Ẹ mọ̀ pé ilé táwọn ọmọ yunifásítì ń gbé ni mò ń ṣọ́ lálẹ́. Ní alẹ́ Ẹtì kan, òjò wínníwínní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ń rọ̀, mo rí ọmọbìnrin kan tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn gíláàsì. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ṣì dúró. Mo jáde sí i, mo ní kí ló dé? Ó ní, "Ilẹ̀kùn ti tì." Mo ní mo mọ̀ pé ó ti tì, káàdì ẹ dà? Ó ní ó wà ní yàrá òun. Mo ní kí ló dé tí o ò mú un jáde? Ó rẹ́rìn-ín, ó tún ní, "Ilẹ̀kùn ti tì."

ṢADÉ: Ó ń pa á lówe fún yín.

KÁYỌ̀DÉ: Fún ọmọ Abẹ́òkúta! Mo ṣílẹ̀kùn, ó dúpẹ́, ó wá fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹfà. Lífítì ń wò ó.

ṢADÉ: Lífítì ń wò ó!

KÁYỌ̀DÉ: Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan dé, òun àtìyàwó ẹ̀, wọ́n gbé búrẹ́dì dání, búrẹ́dì tí wọ́n hun bí ìgbà tí wọ́n dirun. Rábì ni. Òun ni wọ́n fi ṣe àlùfáà àwọn ọmọ Júù ní yunifásítì wa. Ó ní Sábáàtì ló fà á. Láti ìrọ̀lẹ́ Ẹtì títí ìràwọ̀ á fi yọ ní alẹ́ Àbámẹ́ta, wọn kì í tan iná, wọn kì í pa á, káàdì ilẹ̀kùn náà, iná ni. Wọn ò tún ní í gbé ẹrù rìn níta. Wọn ò sì gbọdọ̀ ní kí ẹlòmíì bá àwọn ṣe é. Àmọ́ wọ́n lè sọ pé ilẹ̀kùn ti tì.

ṢADÉ: Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí...

KÁYỌ̀DÉ: Èmi ọmọlúàbí wá ń bèèrè káàdì! Rábì ní kí wọ́n ṣáà fún ọmọ náà ní kọ́kọ́rọ́ irin, á so ó mọ́ bẹ́líìtì. Ó ti kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì láti oṣù kẹsàn-án.

ṢADÉ: Ọ́fíìsì.

KÁYỌ̀DÉ: Ọ́fíìsì náà ni!

ṢADÉ: Búrẹ́dì náà ńkọ́?

KÁYỌ̀DÉ: Mo fi jẹ ẹ̀wà aganyin. Ó dùn ju búrẹ́dì Agége lọ.

ṢADÉ: Ẹ kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ.

KÁYỌ̀DÉ: N ò kó o jẹ. Gbọ́ ti ìdánwò ná. Ṣó o mọ̀ pé oṣù karùn-ún sí ìkẹfà ni ìdánwò máa ń pọ̀ jù? Ìgbà yẹn náà ni Ṣafúótì wọn máa ń bọ́ sí, èyí tí Bíbélì wa ń pè ní Àjọ Ọ̀sẹ̀. Wọn kì í kọ̀wé lọ́jọ́ àjọ̀dún. Àwọn yòókù á ṣe ìdánwò, ọmọ Júù á ṣe tiẹ̀ tí àjọ̀dún bá parí. Ta ló máa wá dúró fún un pé kò gbọ́ ìbéèrè lẹ́nu ọ̀rẹ́? Rábì lè gbé e lọ sílé ara ẹ̀! Kò ní fóònù, kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, ìyàwó rábì ń gbé oúnjẹ fún un. Tílẹ̀ bá mọ́, rábì á mú un dé gbọ̀ngàn, á ní èmi ni mo ṣọ́ ọ.

ṢADÉ: Bí ọba tó wà ní ìpèbí.

KÁYỌ̀DÉ: Ìpèbí gan-an!

ṢADÉ: Ìbátan mi kan nílé, ìjọ Adventist ló ń lọ. Ìdánwò bọ́ sí Àbámẹ́ta, ó lóun ò lọ. Ọdún kan gbáko ló fi jókòó. Kò sẹ́ni tó mú un wọ ìpèbí kankan. Àwọn Júù náà jìyà ẹ̀ níbí o. James Joseph Sylvester ṣe ipò kejì nínú ìṣirò ní Cambridge lọ́dún 1837, wọn ò fún un loyè, torí kò lè fọwọ́ sí ìlànà 39 ti Ìjọ Áńgílíkà. Ọdún 1871 ni òfin tó yí i padà jáde. Ọdún 1872 ló tó gboyè.

KÁYỌ̀DÉ: Ìlànà mélòó? Inú Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí, n ò lè ka mẹ́rin níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èwo wá ni tiwa? Ọmọ Yorùbá á dé láti Òṣogbo nínú oṣù kìn-ín-ní, òtútù á máa gbá a mú, ta ló ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀?

ṢADÉ: Ṣọ́ọ̀ṣì wa ń fi bọ́ọ̀sì kó wọn.

KÁYỌ̀DÉ: Kó wọn lọ síbo? Kí wọ́n lọ to àga! Kí wọ́n di kámẹ́rà mú! Rábì ní ẹni tí ò bá fẹ́ gbàdúrà kó ṣáà wá jẹun lálẹ́ Ẹtì.

ṢADÉ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró. Oṣù méje ni mo fi jẹ ìrẹsì tí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ń fún wa lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tówó ilé ìwé mi kù, àwọn tẹ́ ẹ ń bú yìí ló dá a. Ẹ ò mọ̀yẹn.

KÁYỌ̀DÉ: ...N ò mọ̀.

ṢADÉ: Ẹ ò bèèrè.

KÁYỌ̀DÉ: Ó dáa, má bínú. Àmọ́ jẹ́ n bi ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó ò lọ, ṣé wọ́n gbé ìrẹsì wá?

ṢADÉ: Wọ́n pè mí.

KÁYỌ̀DÉ: Kí ni wọ́n wí?

ṢADÉ: ...Wọ́n ní ta ló máa to àga.

KÁYỌ̀DÉ: Yéè! Ẹ gbà mí!

ṢADÉ: Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ṣì wà nínú ẹgbẹ́ náà o.

KÁYỌ̀DÉ: Ikùn mi...

ṢADÉ: Ife tíì mi ṣófo.

KÁYỌ̀DÉ: Ṣé kí n bu òmíì?

ṢADÉ: N ò ní kẹ́ ẹ bu nǹkan kan. Mo ní ife ṣófo.

KÁYỌ̀DÉ: Káàdì ẹ dà?