Ẹ Kú Ìjókòó: Bí Ìfẹ́ Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ìlú Ṣe Ń Ti Ọ̀dọ̀ Òbí Dé Ọ̀dọ̀ Ọmọ

Ẹ kú ìjókòó o. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ìkíni yẹn bẹ̀rẹ̀ ni, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo wá sọ wà. Wọ́n ní kí n wá sọ ìdí tí èèyàn fi ń fẹ́ràn ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ láti kékeré títí dọjọ́ alẹ́, tí ọmọ á tún gbà á, tí ọmọ-ọmọ náà á tún gbà á. Wọ́n fún mi ní ogójì ìṣẹ́jú. Àwọn tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi rí ti ń rẹ́rìn-ín báyìí.

Mi ò ní lọ́ ọ lọ́rùn. Ẹgbẹ́ kọ́ ni ọmọ ń jogún, ìjókòó ló ń jogún: bàbá tó jókòó tì í, ọ̀nà tí wọ́n jọ rìn débẹ̀, aago tí wọ́n jọ jáde nílé. Ẹgbẹ́ kàn jẹ́ ibi tí ojú àwọn méjèèjì jọ kọ sí ni. Ohun tó bá da ìjókòó yẹn rú ló ń já okùn. Ìfìdírẹmi kì í já a.

Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ta ọjà fún ẹgbẹ́, tí wọ́n sì gbà pé ife ẹ̀yẹ ló ń bí olólùfẹ́. Ẹ̀rí wọn ò burú. Ẹ jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ dáadáa kí n tó bà á jẹ́. Ní 2014, Seth Stephens-Davidowitz, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, wo ẹgbẹ́ béésíbọ́ọ̀lù tí àwọn ọkùnrin sọ lórí Facebook pé àwọn fẹ́ràn. Ó wo ọdún tí wọ́n bí wọn, ó tún wo ọdún tí ẹgbẹ́ wọn gba ife. Ó rí i pé ife tí ẹgbẹ́ gbà nígbà tí ọmọkùnrin wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ ló máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lára jù. New York Mets gba ife ní 1969 àti 1986. Àwọn tí wọ́n bí ní 1962 àti 1978 ló fẹ́ràn wọn jù. Ẹ yọ ọ́ kúrò fúnra yín: méje, mẹ́jọ.

Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ló mú ọmọ ọdún mẹ́jọ dé iwájú bọ́ọ̀lù? Ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í dá wọkọ̀, kì í sì í ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ tún wo Chicago Cubs, ẹgbẹ́ béésíbọ́ọ̀lù mìíràn. Wọ́n gba ife ní 1908, wọn ò tún gbà á mọ́ títí di 2016. Ọdún méjìdínláàádọ́fà! Tó bá jẹ́ ife ló ń bí olólùfẹ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ife 1908 bí ì bá ti pé ọdún 116 kí òmíràn tó dé, koríko ì bá sì ti hù lórí àga Wrigley Field, pápá wọn. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 2016? Àwọn èèyàn mú ẹfun lọ́wọ́, wọ́n lọ síbi ògiri bíríkì tó yí pápá náà ká, wọ́n ń kọ orúkọ sí i. Wọ́n kọ ọ́ tí ọwọ́ ò fi tó òkè mọ́, tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n á gùn. Orúkọ àwọn òkú wọn ló pọ̀ níbẹ̀: bàbá, bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n, àwọn tí wọ́n jọ dúró de ife yẹn tí wọn ò rí i. Ẹni tó bá ní ife nìkan ni wọ́n ń ṣàjọyọ̀ lọ́jọ́ náà, kó lọ ka ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkan kún un, lẹ́yìn náà mo máa fi àwọn ọlọ́jà sílẹ̀. Sunderland já wálẹ̀ ní líìgì ní 2017, ó tún já ní 2018, ó wá bá ara rẹ̀ ní ìpele kẹta nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì ọdún yẹn, wọ́n gba Bradford City lálejò. Èrò tó wọlé jẹ́ 46,039. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìpele kìn-ín-ní ò ní àga tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ọmọ ti di ti ẹgbẹ́? Ẹ tẹ́tí sí “a” àti “wọ́n” lẹ́nu rẹ̀. Robert Cialdini, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1976, ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé lọ́jọ́ Ajé tó bá tẹ̀lé ìborí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wọn máa ń pọ̀ sí i. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìborí, wọ́n á ní “a nà wọ́n.” Tó bá jẹ́ ìfìdírẹmi, “wọ́n pàdánù.” Èdè tiwa ń fi èyí hàn ketekete, torí a ò lè sọ gbólóhùn náà láì yan ọ̀kan. Torí náà, ẹ má gbọ́ ti ọmọ lọ́jọ́ ayọ̀, ẹ dúró de ọjọ́ tí wọ́n bá gbá mẹ́ta wọlé sí i láwọ̀n. Tó bá ní “wọ́n tún ti ṣe é,” àlejò ṣì ni. Lọ́jọ́ tó bá ní “a ò gbá nǹkan kan,” tó sì bínú kọ oúnjẹ, ó ti wọlé.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìyẹn lohun táwọn bàbá máa ń bà jẹ́ jù. Ọmọ ọdún márùn-ún sí méje ló dáa kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ. Ẹ má fi ìdíje àṣekágbá bẹ̀rẹ̀. Owó tẹ́ ẹ san á ti pọ̀ jù, ara yín ò ní balẹ̀, ẹ ò sì ní lè jáde tí ọmọ bá ní òun fẹ́ lọ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀sán ni kí ẹ wá, pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, kí àyè lè wà. Àga etí ọ̀nà ni kí ẹ rà, torí ẹ máa lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán. Ẹ débẹ̀ níwọ̀n ìṣẹ́jú márùnlélógójì ṣáájú, kí ọmọ rí àwọn agbábọ́ọ̀lù bí wọ́n ṣe ń na ara, torí ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń sún mọ́ ọn jù. Ẹ wá nǹkan bò ó létí. Ariwo góòlù àkọ́kọ́ ti lé ọmọ púpọ̀ sá, wọn ò sì padà. Tó bá ti sú u lẹ́yìn ìlàjì àkọ́kọ́, ẹ máa lọ ilé. Ìlàjì kan tó dùn sàn ju bọ́ọ̀lù odindi tó fi ẹkún parí.

Ẹ má ra jẹ́sì tó ní orúkọ agbábọ́ọ̀lù lẹ́yìn. Wọ́n á ta agbábọ́ọ̀lù náà. Ọmọ á sunkún lórí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ẹ ó sì tún ra òmíràn. Sìkáàfù ni kí ẹ rà, kì í há, kì í gbó, ọmọ tirẹ̀ náà á sì lò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ tún padà, kó sì jẹ́ àga kan náà tàbí ìtòsí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún láàárín sáà kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ìgbafẹ́ ni. Ẹ má máa bi ọmọ léèrè ìtàn ẹgbẹ́ bí ẹni ṣe ìdánwò o! Mo mọ àwọn tí mò ń bá wí nínú gbọ̀ngán yìí.

Ohun tó ń já okùn wá ńkọ́? Ti àkọ́kọ́ ni kí wọ́n gbé ẹgbẹ́ kúrò nílùú. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1984, lóru, ọkọ̀ akẹ́rù wá kó ẹrù Baltimore Colts, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ti Amẹ́ríkà, lọ sí Indianapolis. Ilẹ̀ mọ́, ìlú ò ní ẹgbẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onílù àti onífèrè ẹgbẹ́ náà ò tú ká. Aṣọ wọn wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀ lóru ọjọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tí kò fi bá ẹrù lọ. Wọ́n ń lu ìlù kiri láì ní ẹgbẹ́ kankan nínú líìgì ńlá náà (NFL) títí di 1996 tí ẹgbẹ́ mìíràn fi dé. Ibo sì ni ẹgbẹ́ yẹn ti wá? Cleveland! Wọ́n ṣe fún Cleveland bí wọ́n ṣe ṣe fún Baltimore. Ohun kan ni Cleveland rí gbà sílẹ̀: orúkọ Browns, àwọ̀ rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀ ò bá wọn lọ. Ní 1999, Browns tuntun bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ti Wimbledon, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan ní London, tún le ju ìyẹn lọ. Ní oṣù Èbìbí 2002, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí ẹgbẹ́ náà máa lọ sí ìlú mìíràn, Milton Keynes. Kí oṣù tó tẹ̀lé e tó tán, àwọn olólùfẹ́ ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n ń dán agbábọ́ọ̀lù wò lórí pápá gbangba Wimbledon, ẹni tó bá fẹ́ kó wá. Ìpele kẹsàn-án ni AFC Wimbledon ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gòkè ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín sáà mẹ́sàn-án, wọ́n wọ ìpele kẹrin ní 2011, wọ́n sì padà sí Plough Lane, àdúgbò tí pápá ẹgbẹ́ àtijọ́ wà, ní oṣù Bélú 2020.

Alága ti ń fi ìka kan aago, torí náà mo máa sáré. Owó: ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, Liverpool kéde pé tíkẹ́ẹ̀tì tó wọ́n jù á di pọ́n-ùn 77. Ní ìṣẹ́jú 77 ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn pẹ̀lú Sunderland, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dìde, wọ́n jáde. Góòlù méjì sí òdo ni Liverpool fi ń borí. Kí wọ́n tó fọn fèrè ìparí, ó ti di méjì sí méjì. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn olówó ẹgbẹ́ bẹ̀bẹ̀. Àkókò: ní Jámánì, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sí alẹ́ ọjọ́ Ajé fún tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ ní ilé ìwé láàárọ̀, bàbá ní iṣẹ́. Àwọn olólùfẹ́ ń ju bọ́ọ̀lù tẹníìsì sórí pápá títí wọ́n fi fagi lé e ní Bundesliga, líìgì àgbà wọn, láti sáà 2021. Àwọ̀: aṣọ ẹgbẹ́ Cardiff City ní Wales, búlúù di pupa ní 2012, ó tún di búlúù ní 2015. Ẹni tó bá lówó jẹ́sì ò ní àwọ̀ o.

Èyí tó wù mí jù láti sọ, tí àkókò ò jẹ́ kí n sọ tán, ni Green Bay ní Amẹ́ríkà, ìlú ẹgbẹ́ Packers tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá wọn. Ìlú tí èèyàn rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, orúkọ tó wà lórí ìwé àwọn tó ń dúró de tíkẹ́ẹ̀tì sáà náà sì ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ. Wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tán láti 1960. Àwọn aráàlú àti olólùfẹ́ ló ni ìpín ẹgbẹ́ náà. Kò sí èrè lórí ìpín, èèyàn ò sì lè tà á jèrè. Ó lè gbé e fún ẹbí. Òbí máa ń kọ orúkọ ọmọ ọwọ́ sórí ìwé ìdúródè yẹn...

Ibí ni ìyáàfin kan ti nawọ́ láàárín gbọ̀ngán, alága sì ní kó sọ̀rọ̀. Ó ní: “Ẹ ṣé, sà. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, bàbá, bàbá, bàbá ni mò ń gbọ́. Èmi ni mò ń mú ọmọ mi wo bọ́ọ̀lù, orí tẹlifíṣọ̀n sì ni, torí ìlú tí ẹgbẹ́ wa wà jìnnà sí wa. Ṣé ìjókòó tiwa kì í ṣe ìjókòó ni?”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ju bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún mi lọ.

Ó mú mi níbi méjì. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́jọ tí mo fi ń yangàn, ti ọkùnrin ni. Nínú ìwádìí kan náà, kò hàn gedegbe bẹ́ẹ̀ lára obìnrin. Ẹnu ọkùnrin nìkan ni mo ti fà á yọ. Ìkejì, tó bá jẹ́ ìjókòó ni gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe ń pariwo, àga yàrá ìgbàlejò tó o. Kí ló wá kù fún ìlú?

Ohun tó kù ni ìlà àga. Lórí àga ilé, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni ọmọ ní. Ní pápá, èèyàn bíi mẹ́wàá ló yí i ká, àwọn kan náà lọ́sẹ̀ méjì-méjì: bàbá àgbà ẹ̀yìn tó ń bú rẹfirí, obìnrin apá òsì tó ń pín ẹ̀pà. Wọ́n mọ orúkọ ọmọ náà, wọ́n mọ̀ pé ó ti ga. Lọ́jọ́ tí bàbá tàbí ìyá ò bá lè wá mọ́, ìlà yẹn ṣì wà níbẹ̀, á béèrè ẹni tí kò wá. Àga ilé ò lè béèrè ẹnikẹ́ni. Torí náà ìjókòó tiyín jẹ́ ìjókòó, mà. Ẹlẹ́rìí ni kí ẹ fi kún un. Ẹ wá ẹgbẹ́ kékeré kan níbi tẹ́ ẹ wà, ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, kí ẹ máa mú ọmọ lọ síbẹ̀ lóṣooṣù. Panṣágà kọ́ ni láti ní ẹgbẹ́ kejì.

Ọkùnrin kan lẹ́yìn béèrè ohun tí èèyàn á ṣe kí àga má bàa kú pẹ̀lú olówó rẹ̀. Kúkúrú ni mo dá a lóhùn. Ẹ ka òfin ẹgbẹ́ yín báyìí, lójú ayé yín. Àwọn kan gbà kí tíkẹ́ẹ̀tì sáà kọjá sọ́dọ̀ ẹbí. Lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀, tó bá ti kú, àga padà sọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá gba orúkọ méjì, ẹ fi ti ọmọ kún un kí sáà tuntun tó wọlé. Tí wọn ò bá gbà á, ẹ ra tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní owó ọmọdé, kí ọdún rẹ̀ ti máa kà. Kí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà àga yín méjèèjì tẹ̀ léra. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fún bàbá ní ìlà kẹrìnlá, tí wọ́n fún ọmọ ní ìpẹ̀kun kejì pápá.