Bí Àwọ̀ Òdòdó Tuntun Ṣe Ń Jáde Lára African Violet

Ẹ wo àpò kékeré méjì yìí láàárín òdòdó, tó pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè. Méjèèjì ò ju orí eṣinṣin lọ. Lẹ́búlẹ́bú akọ ló wà nínú wọn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wa ti máa bẹ̀rẹ̀ lónìí.

African violet ni òdòdó yìí ń jẹ́. Orí òkè Usambara ní Tanzania ni ilé rẹ̀. Ara àpáta tó tutù, lábẹ́ igi ńlá, ló ń hù sí níbẹ̀, níbi tí oòrùn kì í ti í pa á tààrà. Lọ́dún 1892, nígbà tí àwọn ará Jámánì ń ṣàkóso ilẹ̀ náà, òṣìṣẹ́ ìjọba wọn kan, Walter von Saint Paul-Illaire, fi í ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nílé. Nígbà tó di 1893, Hermann Wendland tó jẹ́ ọ̀gá ọgbà Herrenhausen ní Jámánì sọ ọ́ ní Saintpaulia, orúkọ ìdílé ẹni tó fi í ránṣẹ́. Ó máa ń dùn mí pé orúkọ náà kò rántí àwọn tí wọ́n bí sí ẹsẹ̀ òkè yẹn rárá.

Ní ìparí àwọn ọdún 1920, ilé iṣẹ́ Armacost & Royston ní Los Angeles ra irúgbìn rẹ̀ láti Jámánì àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbìn ín, wọ́n sì ṣà á. Nínú gbogbo ohun tó hù, mẹ́wàá péré ni wọ́n fún lórúkọ tí wọ́n sì gbé jáde. Blue Boy wà lára wọn. Mo fẹ́ kí iye yẹn wà lọ́kàn yín, torí ṣíṣà ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú ìyá àti bàbá. Kì í ṣe pé wọ́n rẹwà nìkan la fi ń so wọ́n pọ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń wá. Èmi ń wá òdòdó píǹkì tí ewé rẹ̀ máa tò rẹ́múrẹ́mú yí ká ìkòkò. Ìyá tí mo mú tanná búlúù, ewé rẹ̀ ló wù mí. Bàbá tanná píǹkì, àmọ́ ewé rẹ̀ rí jágajàga.

Mo fi ẹ̀mú yọ àpò méjèèjì kúrò lára òdòdó ìyá, kó má baà fún ara rẹ̀ lóyún. Mo wá fi bíléèdì la àpò ti bàbá, mo gbọn lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sórí èékánná àtàǹpàkò mi. Ẹ wo ọ̀pá tín-ín-rín tó yọ láàárín òdòdó ìyá. Tí orí rẹ̀ bá ti ń lẹ̀ díẹ̀, ó ti ṣe tán. Ẹ fi kan lẹ́búlẹ́bú náà, ó parí. Ẹ kọ orúkọ ìyá, ti bàbá àti ọjọ́ sára ike pẹlẹbẹ, kí ẹ so ó mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò ní gbàgbé, á gbàgbé.

Bó bá gbà, òdòdó á já bọ́, ìdí rẹ̀ á sì máa wú. Oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni ẹ máa fi dúró, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fọwọ́ kàn án títí á fi gbẹ tí á sì súnkì. Ẹ wá là á sórí bébà funfun. Irúgbìn rẹ̀ dà bí áásáà, nítorí náà ẹ má mí lé e lórí! Orí iyẹ̀pẹ̀ tútù tó fúyẹ́ la ń gbọ̀n ọ́n sí, a kì í bò ó, torí ìmọ́lẹ̀ ló fi ń hù. Ike tó mọ́ gaara la máa dé lé ìkòkò náà lórí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ewé bíńtín á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Ó di bí oṣù mẹ́jọ kí àwọn ọmọ tó tanná. Ìgbà yìí gan-an ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bàjẹ́, torí gbogbo wọn ló máa tanná búlúù. Kò sí píǹkì kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà wọ́n nù. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ti ìyá, ó gba ti bàbá, ṣùgbọ́n tí búlúù àti píǹkì bá pàdé, búlúù ló ń bo èkejì mọ́lẹ̀. Píǹkì wà níbẹ̀, ó ń sá pamọ́ ni.

Ẹ mú méjì nínú àwọn ọmọ yìí tí ewé wọn dára jù, kí ẹ tún so wọ́n pọ̀. Nínú àwọn ọmọ-ọmọ, nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́rin á tanná píǹkì. Bí a ṣe máa ń wo ojú ọmọ tuntun tí a ó ní Babátúndé ni, bẹ́ẹ̀ ló rí lára mi nígbà tí píǹkì àkọ́kọ́ là. Tí ẹ bá gbin ogójì, mẹ́wàá lè jẹ́ píǹkì. Nínú mẹ́wàá yẹn lẹ ó ti wá ewé ìyá àgbà. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ máa rí, ó sì lè má sí rárá, kí ẹ tún gbin òmíràn.

Tí ẹ bá rí i, ẹ má ṣe fi irúgbìn rẹ̀ bí i mọ́, torí àwọ̀ àti ewé á tún dàrú. Ewé la fi ń bí i. Ẹ gé ewé kan tòun ti igi rẹ̀, kí ẹ ki í bọ iyẹ̀pẹ̀. Ọmọ tó bá yọ nídìí rẹ̀ á jọ ọ́ délẹ̀délẹ̀. Èyí tí òdòdó rẹ̀ ní ìlà gbọọrọ láàárín nìkan ni ewé kì í sábàá mú dúró. Ọmọ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá la fi ń bí ìyẹn. Ẹ bí i láti ara ewé dé ìran kẹta, kí ẹ rí i pé kò yí padà, kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ African Violet Society of America, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1946, torí ọ̀dọ̀ wọn ni ìwé orúkọ irú òdòdó yìí wà.

Ewé tèmi rèé. Oṣù méjì sẹ́yìn ni mo ki í bọlẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wo ọmọ mẹ́ta nídìí rẹ̀. Wọn ò tíì tanná.