Ọ̀nà Tí Olúwa Mú Wa Gbà Àti Èyí Tó Kù Níwájú

Bíbélì kíkà: Númérì 33:1–15, Jóṣúà 18:1–10

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí oorun wa di oorun ikú. Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ gbé lé wa lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí, iṣẹ́ tó gba ìwé, bírò àti pẹ́ńsù: kí olúkúlùkù wa ya àwòrán ọ̀nà ayé rẹ̀, ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ, kí ó sì gbé e síwájú Ọlọ́run nínú àdúrà. Bí ó bá ń ṣe ẹnikẹ́ni bíi pé ọgbọ́n ayé lásán ni, kí ó ṣí ìwé Númérì, kí ó rí i pé nípa àṣẹ Olúwa ni Mósè fi kọ ìrìn àwọn ọmọ Ísírẹ́lì sílẹ̀, láti ibùdó dé ibùdó.

Nígbà tí wọ́n dé pẹ̀tẹ́lẹ̀ Móábù, tó jẹ́ pé odò Jọ́dánì nìkan ló kù kí wọ́n rékọjá, ni a gbọ́ pé àkọsílẹ̀ náà dé òpin rẹ̀. Wọ́n ṣí kúrò ní Rámésésì, wọ́n dó sí Súkótù. Wọ́n ṣí kúrò ní Súkótù, wọ́n dó sí Étámù. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí tí ibùdó náà fi ju 40 lọ. (Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa máa ń fo orí yìí bí a bá ń ka Bíbélì já.) Mósè kọ Márà, níbi tí omi ti korò, ó sì kọ Élímù tó tẹ̀ lé e, níbi tí orísun omi 12 àti igi ọ̀pẹ 70 wà. Ó kọ Réfídímù, ó sì sọ pé kò sí omi níbẹ̀ fún àwọn ènìyàn láti mu. Ó kọ òkè Hórì, níbi tí Árónì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú sí ní ẹni ọdún 123. Àmọ́ nígbà tó kan aginjù Sínáì, ibi tí wọ́n ti bọ ère ẹgbọrọ màlúù, orúkọ ibẹ̀ nìkan ni ó kọ. Kò tún ẹjọ́ ère náà rò. Wọ́n dó síbẹ̀, wọ́n sì ṣí kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ mú ìwé yín, èyí tó bá fẹ̀ ni ó dára jù, kí ẹ fa ìlà gbọọrọ kan láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ kọ ọdún tí wọ́n bí yín àti ìlú tí wọ́n bí yín sí sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì máa fi bírò sàmì sí ohun tó tẹ̀ lé e: ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ lọ, yàrá àkọ́kọ́ tí ẹ fi owó ara yín gbà, ọdún tí bàbá papò dà, oṣù tí iṣẹ́ bọ́, ọjọ́ tí ẹ fi ayé yín fún Jésù. Ohun ayọ̀ ni kí ó wà lókè ìlà, kí ìbànújẹ́ wà nísàlẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tí Ọlọ́run rán sí yín lásìkò náà, bóyá ìyá aláṣọ tó yá yín lówó ìdánwò, tàbí ẹ̀gbọ́n tó gbà yín sílé tí kò bèèrè owó ilé. Ibi tí ẹ kò bá rántí olùrànlọ́wọ́ kankan, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Olúwa kò nílò ẹ̀rí tí a fi irọ́ hun.

Ẹ jẹ́ kí n fi Àjàyí ará Òṣogùn ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1821 ni àwọn akónilẹ́rú kó ìlú rẹ̀, tí wọ́n sì mú òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n fi ọmọ náà ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun, wọ́n sì gbé Àjàyí gúnlẹ̀ sí Sàró. Ní 1837, ó jókòó, ó kọ ìrìn oró náà sínú lẹ́tà, ó ń dárúkọ ìlú tí wọ́n mú un gbà. Ẹ fi ọkàn bá mi lọ: nígbà tó ń kọ lẹ́tà yẹn, kò tíì tún fojú kan ìyá rẹ̀. Ká ní ó fa ìlà ayé tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, abẹ́ 1821, níbi ìbànújẹ́, ni orúkọ ìyá rẹ̀ ì bá wà. Ṣùgbọ́n ní 1843 wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta láti wàásù ìhìnrere, ibẹ̀ sì ni ìyá àti ọmọ ti tún rí ara wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní 1864, wọ́n yà á sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ tó jẹ́ kí a ní Bíbélì lédè Yorùbá. N kò sọ pé ogun ẹrú dára. Ìwà ìkà gbáà ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìkà kọ́ ni Ọlọ́run fi ìparí ìwé ayé Àjàyí lé lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwa yóò wo méjèèjì. Ọwọ́ ọ̀tún ìwé náà ni kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ, nítorí a lè pa á rẹ́ bí Olúwa bá darí wa síbòmíràn. Nínú ìwé Jóṣúà tí a kà, ní Ṣílò, ẹ̀yà méje nínú Ísírẹ́lì ṣì wà tí wọn kò tíì gba ogún wọn, bẹ́ẹ̀ ìlérí ti wà nílẹ̀. Jóṣúà bi wọ́n pé yóò ti pẹ́ tó tí wọn yóò fi máa lọ́ra. Ó ní kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan yan ọkùnrin mẹ́ta, kí wọ́n rin ilẹ̀ náà já, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ní ìpín méje. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn ín kí wọ́n tó kọ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìwé padà wá, tí Jóṣúà sì ṣẹ́ kèké fún wọn níwájú Olúwa.

Tí ọdún bá ku ọ̀la kó pé, a máa ń rí àwọn tó gé àwòrán mọ́tò àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbé wá sí ìsìn àìsùn. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ya ilé, tí kò tíì bèèrè iye tí wọ́n ń ta búlọ́ọ̀kù kan, kò tíì rin ilẹ̀ náà. Bí ẹ bá kọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí iwájú ìlà yín, ẹ lọ bèèrè iye fọ́ọ̀mù àti iye ọdún tí ẹ ó fi kọ́ ọ, kí ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwé sílẹ̀ níwájú Ọlọ́run, nítorí Òwe 16:9 fi yé wa pé ọkàn ènìyàn ló ń gbìmọ̀ ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n Olúwa ló ń tọ́ ìṣísẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run, a dúpẹ́ fún gbogbo ibùdó tí o ti mú wa ṣí kúrò. A dárúkọ Márà wa níwájú rẹ, a kò fi pamọ́. Má ṣe jẹ́ kí a tún padà lọ pàgọ́ síbi tí o ti mú wa kúrò.

Olúwa, ẹni tó gbé bírò láàárọ̀ yìí tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè kọ ọdún kan nítorí òkú ọmọ tàbí ti ọkọ, jókòó tì í. Má ṣe kán an lójú. Fún un ní Élímù tirẹ̀.

Gbogbo ẹni tó ràn wá lọ́wọ́, tí a ti gbàgbé láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, rántí wọn sí rere lónìí, kí o sì fi ẹsẹ̀ wa lé ọ̀nà ilé wọn.

Àwọn àgbà àárín wa tí ìlà iwájú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gùn mọ́, jẹ́ kí ìyókù rẹ̀ tù wọ́n lára. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọn kò mọ ohun tí wọn yóò kọ, fi ilẹ̀ tí wọn yóò rìn hàn wọ́n, kí o sì gbà wọ́n lọ́wọ́ ìlọ́ra. Ohun tí a kọ tí kò sí nínú ìfẹ́ rẹ, pa á rẹ́. Èyí tí ọwọ́ rẹ wà nínú rẹ̀, fún wa ní agbára àti owó tí a ó fi ṣe é. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.