Aago Ni Kó O Wò, Má Dúró De Ebi

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Àìsàn tí oúnjẹ fi ń di ọ̀tá ẹni, téèyàn á máa febi pa ara ẹ̀ (eating disorder lòyìnbó ń pè é), mi ò ní máa ṣàlàyé ẹ̀ lónìí. Bó bá ń ṣe ọ́ bíi tèmi, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ká kọjá síbi tí gbogbo wa ti ń ṣì í ṣe.

Onímọ̀ oúnjẹ, dáyétíṣàn yẹn, kọ ọ́ fún ẹ: oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta, ìpanu ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kó má ju wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ láàárín wọn. O ní o ti gbọ́. O délé. Ilẹ̀ mọ́, aago méje lù, o ní, "Ebi ò tíì pa mí."

Háà! Ibẹ̀ yẹn gan-an ni!

Ẹ jẹ́ n sọ ti takisí bàbá mi. Ọjà Ọba sí yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ ló ń ná, géèjì epo ẹ̀ sì ti kú. Á dúró gbagidi sí ìdajì, tánkì á ti gbẹ. Baba ò wojú ẹ̀ mọ́. Tó bá ti ná ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́fà, á yà sílé epo, ó parí. Ọjọ́ tí àbúrò ẹ̀ wà á, tó gba géèjì gbọ́, ó ti mọ́tò nínú oòrùn ọ̀sán lójú ọ̀nà Ọba Adésídà. Èrò ń bú u, ó ń làágùn.

Ara tó ti ń febi panú tipẹ́, géèjì ẹ̀ ti kú nìyẹn. Láàárín 1944 sí 1945, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ancel Keys, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota l'Amẹ́ríkà dín oúnjẹ ọkùnrin 36 kù fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ara wọn le, àwọn fúnra wọn ló yọ̀ǹda. Oúnjẹ ṣáá ló gba ọkàn wọn. Nígbà tí wọ́n tún wá ń bọ́ wọn dáadáa, àwọn míì á jẹun débi tí ikùn wọn gbà dé, wọ́n á ní àwọn ò yó. Irú géèjì yẹn lo fẹ́ gbọ́kàn lé?

AAGO NI KÓ O WÒ! Ebi pa ọ́ o, kò pa ọ́ o, AAGO!

Àmọ́ bó bá ti pẹ́ tó o ti jẹun gidi, má dédé jókòó ti òkìtì iyán nílé o. Phosphate àti potassium, àwọn èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, lè já wálẹ̀ lójijì, kó ṣèpalára fún ọkàn tó ń lù láyà. Ó ń pààyàn. Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ wò.

Èyí tá a sì máa ń fi pamọ́ fáwọn onímọ̀ oúnjẹ ni ààwẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀! Ní Àkúrẹ́ níbí, sọ pé o ń gbààwẹ̀, ta ló máa bi ọ́ léèrè? Mo gba ọjọ́ 21, mo tún fi méje lé e. Onímọ̀ oúnjẹ mi ní, "Àdúrà kí lo ń gbà?" Mo gbójú sókè, mo ń wo fáànù.

Kò bá mi jà. Ó gbé mọ́ínmọ́ín eléwé méjì sórí tábìlì, ó tú tiẹ̀, ó tú tèmi. Ó pẹ́ tí mo fi ń wo epo tó ń dán lára ewé. Ó kàn ń jẹ tiẹ̀ lọ, ó ń bi mí bóyá òjò ti ń rọ̀ l'Óǹdó. Bí mo ṣe bu àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ohun kan tún kù. "O ti sanra!" Oríire làwọn ẹ̀gbọ́n wa ń kí wa, ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ ló ń wọlé sí wa lára. Èmi àti onímọ̀ oúnjẹ mi jọ pèsè èsì sílẹ̀, a fi dánra wò bí ẹni ń ṣeré ìtàgé. Ìgbéyàwó kan l'Óǹdó, àǹtí mi gbá mi lápá: "Ọmọ yìí, o ti sanra o!"

"Ẹ ṣeun mà. Asun ńkọ́?"