Igbe Ló Bí Ẹkún

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ èdè àti àwọn ògbufọ̀ sọ nìyí. Mo tún un kọ díẹ̀ fún ẹni tí kò sí níjòkòó.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n fi àṣìṣe tèmi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ilé-ìwé, wọ́n ní kí n túmọ̀ ìtàn kékeré kan sí Yorùbá. Ọkùnrin kan já sódò nínú ìtàn náà, ìwé sì ní: "Help!" he cried. Èmi kọ ọ́ pé, "Ó sunkún pé, ẹ gbà mí." Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ń rì lọ, ìgbà wo ló ráyè sunkún?" Àtọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń jẹ mí lógún.

Ohun tí mo sì ti rí kò ju èyí lọ: àwọn ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò jù fún ẹkún, ohùn ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n tó di omijé.

Ẹ mú "cry" fúnra rẹ̀. Àjèjì ni nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn tí àwọn Norman, ìyẹn àwọn ará àríwá ilẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun England ní 1066 ni èdè Faransé gbé e wọlé. "Crier" ni lọ́dọ̀ tiwọn, kí ènìyàn figbe ta ló sì túmọ̀ sí. Tí a bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé Róòmù, "quiritare" la ó bá níbẹ̀. Varro, ọ̀mọ̀wé ará Róòmù àtijọ́, ní láti ara "Quirites" ló ti wá, ìyẹn orúkọ tí àwọn ọmọ onílùú Róòmù ń jẹ́. Ẹni tí ìyà bá ń jẹ a fi orúkọ náà ké sí gbogbo ìlú. Ṣé ẹ rí i pé "Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará àdúgbò!" náà ni? Àwọn onímọ̀ èdè kan kò gba ti Varro. Wọ́n ní igbe ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń sín jẹ. Èmi ò dá ẹjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ti Varro dùn létí mi ju ti ẹlẹ́dẹ̀ lọ.

Igbe yìí wọnú òfin. Ní 1285, láyé Ọba Edward Kìíní, òfin Winchester fẹsẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní "hue and cry" múlẹ̀. Bí olè bá jà, kí igbe ta, kí gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ya tẹ̀lé olè láti ìlú dé ìlú. Tí ọwọ́ kò bá tẹ̀ ẹ́, àwọn ará àgbègbè náà ni yóò san ohun tó jí. Kò sí ọlọ́pàá bíi tòde òní nígbà yẹn. Igbe ni ọlọ́pàá. Ẹni tó bá ti gbọ́ "Olè! Olè!" lọ́jà Bódìjà rí kò nílò àlàyé. "Town crier" náà ń bẹ níbẹ̀: oníkéde ni, kì í ṣe ẹni tó ń sunkún kiri ìlú. Ó di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún kí "cry" tó gba omijé mọ́ra.

"Weep" ní tirẹ̀, ọmọ onílé ni. "Wepan" ni wọ́n ń pè é látijọ́. Ẹ wo àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀: lédè Gothic, èdè àtijọ́ kan tó bá Gẹ̀ẹ́sì tan, "wopjan" ni kí a kígbe tàbí kí a pe ènìyàn, àwọn Viking, jagunjagun orí òkun láti àríwá Yúróòpù, náà ní "œpa", igbe ni. Nígbà tó yá ni ohùn yọ kúrò lára "weep", tó fi jẹ́ pé lónìí ènìyàn lè "weep" láìmí hìn-ín.

Ẹ ṣí Jòhánù orí 11 nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611. Ní ẹsẹ 35, "Jesus wept." Ní ẹsẹ 43, ó "cried with a loud voice" pe Lásárù. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì Yorùbá, tí Àjàyí Crowther ṣáájú wọn, kò ṣe irú àṣìṣe tèmi: ó sọkún níhìn-ín, ó kígbe lọ́hùn-ún. Síbẹ̀, Gíríìkì, èdè tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ ìwé Jòhánù, fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ ju Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá lọ. Ẹkún Màríà ní ẹsẹ 33 jẹ́ ẹkún olóhùn. Ti Jésù ní ẹsẹ 35, láti ara omijé ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Omi ló dà lójú rẹ̀.

"Call" ńkọ́? Ó bá "kalla" ti àwọn Viking tan. Ewì àtijọ́ kan wà lórí ogun Maldon ní England, ọdún 991. Omi ló wà láàárín Viking àti Gẹ̀ẹ́sì. Byrhtnoth, olórí Gẹ̀ẹ́sì, ké sí àwọn ọ̀tá lórí omi tútù pé ọ̀nà ti là, kí wọ́n máa bọ̀. "Ceallian" ni akéwì lò. Wọ́n wá lóòótọ́, wọ́n sì pa á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èèyàn ní Glasgow, ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa "greet". Lẹ́nu ará Scotland, ẹkún ni. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ọ̀kan fún ìkíni, ọ̀kan fún ẹkún, kí ìró wọn tó di ọ̀kan. Tí aládùúgbò bá ní ọmọ ń "greet", Yorùbá á rò pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni!

Àwa náà kò kúkú yàtọ̀. "Má ké mọ́" là ń wí fún ọmọ tó ń sunkún. "Ké sí i wá" là ń wí tí a bá fẹ́ kí wọ́n pe ẹnì kan. "Sun" tó wà nínú sunkún, òun náà ló wà nínú rárà sísun.

Bí mo ṣe parí, màmá àgbàlagbà kan dìde lẹ́yìn. "Olùkọ́, kí ni kí n pe ẹkún ìyàwó fáwọn ọmọ-ọmọ mi ní London?" Mo ní tí ẹ bá pè é ní "cry", wọ́n á rò pé ìyàwó ò fẹ́ ọkọ. "Weep" kò lóhùn mọ́. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni "keen", tí Gẹ̀ẹ́sì yá lọ́wọ́ àwọn ará Ireland, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń fi orin sunkún látijọ́. Àmọ́ òkú ni wọ́n ń sun ún fún.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Màmá ti jókòó. Ó ní òun á kúkú sun ún fún wọn lórí fóònù.