Ẹ Jẹ́ Kí Etí Ọmọ Kọ́kọ́ Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Kó Tó Fàmì Sí I

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àtàwọn tíṣà sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa, lórí bá a ṣe ń kọ́ ọmọ láti lo àmì àyọlò (" "), ìyẹn àmì tó ń fi ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹnì kan gan-an hàn, ni mo kọ síbí yìí, torí àwọn kan ní àwọn fẹ́ rí i kà dáadáa, ibi tó gùn jù nìkan ni mo gé kúrò.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látinú ìwé ọmọ kan. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, wọ́n ní kó kọ ìtàn, ohun tó kọ rèé gẹ́lẹ́ bó ṣe kọ ọ́:

Màmá ní wá wẹ̀ mo ní mò ń bọ̀ ó ní báyìí báyìí mo ní omi yẹn tutù

Kò sí kọ́mà, kò sí fúlsitọ́ọ̀pù, kò sí nǹkan kan. Ẹni tó kọ́kọ́ máàkì ẹ̀ ti fi bírò pupa la gbogbo ẹ̀, ó wá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé kó lo àmì àyọlò. Ọmọ yẹn gbìyànjú lóòótọ́, ó padà lọ fàmì sí i, àmọ́ ẹ wo ibi tó fi í sí:

"Màmá ní" wá wẹ̀ "mo ní" mò ń bọ̀

Ó rò pé ibi tá a ti ń sọ pé ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀ ló yẹ kó gba àmì. Ó dùn mí nígbà tí mo rí i, kì í ṣe pé mo bínú sọ́mọ o, àwa tá à ń kọ́ wọn ló dùn mí fún, torí a ti kó àmì lé e lọ́wọ́ láìjẹ́ kó mọ iṣẹ́ tí àmì yẹn ń ṣe.

Ohun tí mo bá wá ò jù yẹn lọ. Etí ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ọmọ gbọ́dọ̀ lè gbọ́ ibi tí ẹnu ẹlòmíì ti wọ inú gbólóhùn àti ibi tó ti jáde, tó bá ti gbọ́ ọ tán, àmì fífi ò le mọ́.

Èdè wa sì ti bá wa ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, a ò kàn kà á sí ni. Ẹ fetí sí méjì yìí:

Ó ní òun ń bọ̀.
Ó ní, "Mò ń bọ̀."

Ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé kì í ṣi "òun" yẹn lò, kó tó mọ ìwé kọ rárá ló ti mọ̀ pé tóun bá gbọ́ "òun", ẹni tó ń ròyìn ló ń fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, tó bá jẹ́ "mo" lóun gbọ́, tó sì jẹ́ ẹni yẹn fúnra ẹ̀ ni "mo" náà ń tọ́ka sí, ọ̀rọ̀ ẹni yẹn gan-an ni wọ́n gbé kalẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀. Èyí tó ní "òun" ni wọ́n ń pè ní afọ̀ agbàrán níléèwé, èkejì ni afọ̀ asafọ̀, ẹ má tíì fi orúkọ yẹn dà á láàmú. Ẹ ní kó wá "òun", tó bá ti rí i, tó sì jẹ́ ẹni tí wọ́n ń ròyìn ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló ń tọ́ka sí, kò sí àmì níbẹ̀. Bákan náà ni "kí n". Ó ní kí n jókòó, kò gbàmì. Ó ní, "Jókòó," ó gbàmì. Ọmọ ò ní "òun" yìí fi ṣe àtìlẹ́yìn tó bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, ìdí nìyẹn tó fi dáa kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní Yorùbá, kó wá gbé etí yẹn dání lọ síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fọ́mọ pé tó bá ti rí "pé" kó má fàmì sí i. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tíṣà tó dáńtọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ pé òun ń bọ̀, ó dáa. Ó sọ pé, "Mò ń bọ̀," òun náà dáa. "Pé" ò sọ nǹkan kan fún wa.

Báwo la ṣe ń kọ́ etí? Èmi o, àwòrán ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, àwọn àwòrán inú ìwé ọmọdé tí ọ̀rọ̀ máa ń wà nínú bàlúùn lẹ́nu èèyàn. Mo máa ń bi wọ́n pé, ṣé "Màmá ní" wà nínú bàlúùn yìí? Wọ́n á ní rárá. Kí ló wà ńbẹ̀? "Wá wẹ̀." Ó parí, ohun tó wà nínú bàlúùn ló ń wọ àárín àmì méjèèjì, kò sí òmíì. Lẹ́yìn ìyẹn a ó ka ìtàn náà sókè, ọmọ kan á jẹ́ Màmá, ọ̀kan á jẹ́ ọmọ, ẹ̀kẹta á ka gbogbo "ó ní, mo ní". Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀, àwọn yòókù á pariwo mọ́ ọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ààlà. Nígbà tọ́mọ yẹn padà sídìí ìwé ẹ̀, ohun tó kọ nìyí:

Màmá ní, "Wá wẹ̀."
Mo ní, "Mò ń bọ̀."
Ó ní, "Báyìí báyìí!"
Mo ní, "Omi yẹn tutù."

Bí ẹnu bá ti yí padà, a bọ́ sí ìlà tuntun. Kò tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìgbà tá a kọ́ ọ nìyẹn, ó ti rí i pé èèyàn méjì ló ń sọ̀rọ̀.

Kọ́mà ló máa ń pẹ́ kó tó wọlé, ẹ fún un láyè. Ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ England tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014 gan-an, ọdún tọ́mọ bá wà láàárín ọdún 7 sí 8 ni wọ́n ní kó mọ àmì àyọlò, ó di ọdún tó tẹ̀ lé e kí wọ́n tó fi kọ́mà àtàwọn yòókù kún un, mo sì fara mọ́ ọn gan-an. Tí "ó ní" bá ṣáájú, kọ́mà á tẹ̀ lé e, lẹ́tà ńlá á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá ṣáájú, kọ́mà á wà nínú àmì: "Mò ń bọ̀," ló dáhùn. Tó bá jẹ́ ìbéèrè, àmì ìbéèrè ti gba ipò kọ́mà: "Ṣé omi ti gbóná?" ló béèrè.

Níbi ìbéèrè yìí, ẹ bi ọmọ pé ta ló ni ìbéèrè. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àmì ló ń béèrè, àmì ìbéèrè á wà nínú pẹ̀lú ẹ̀. Tó bá jẹ́ àwa tá à ń kọ̀wé la ni ín, ìta ló máa wà, bíi: Ṣé lóòótọ́ ni Màmá sọ pé, "Wá wẹ̀"?

Ẹnì kan bi mí pé ṣé àmì àyọlò ẹlẹ́yọ kan (' ') ló yẹ ká lò ni àbí oníméjì (" "). Èyíkéyìí tí ilé ìwé yín bá ń lò, kọ́mọ ṣáà má pa wọ́n pọ̀. Àwọn Faransé ń lo « », àwọn ará Jámánì ń fi tiwọn sísàlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ „ wọ́n á wá gbé e sókè níparí “. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ò tiẹ̀ ní àmì àyọlò kankan, kọ́mà àti lẹ́tà ńlá ló ń sọ fún wa pé ẹnì kan ti lanu. Ẹ lè fi èyí han àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀, ó máa ń wú wọn lórí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín bírò pupa kù. Lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń wo àmì àyọlò, òun nìkan ni kẹ́ ẹ máàkì, ẹ fi sípẹ́lì sílẹ̀ dọ̀sẹ̀ míì.

Ọmọ tí mo ń sọ yẹn fẹ́ kọ ìtàn ẹ̀ parí, ó kọ ìlà tirẹ̀ tán, ó wá dúró. Ó ní, "Tíṣà, Màmá ò dáhùn mọ́ o, ó kàn ń wò mí ni. Kí ni mo máa fi sáàárín àmì?"

Mo ní, "Ṣé ó sọ nǹkan kan?"

Ó ní, "Rárá."

Ó ronú díẹ̀, ó wá kọ ọ́ láìfàmì kankan sí i: Màmá wò mí. Mo lọ wẹ̀.