Làpálàpá Tó Ń Lọ Tó Tún Ń Bọ̀: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ní ọdún tó kọjá, obìnrin oníṣòwò kan jókòó níwájú mi, ó tú ọ̀rá dúdú kan, ó sì to ìpara mẹ́fà sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ páálí wọn yàtọ̀, orúkọ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a jọ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ páálí, a rí i pé oògùn kan náà ló wà nínú mẹ́rin nínú wọn. Làpálàpá tí kò ju owó ẹyọ lọ nígbà tó yọ sí ìbàdí rẹ̀ ti lo oṣù mẹ́sàn-án. Ó ti gba ìdí, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí itan méjèèjì, ó sì ń gun ẹ̀yìn lọ. Ó ní, "Dókítà, bí mo bá ti fi pa á, yíyún rẹ̀ á dáwọ́ dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí mo bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta péré, á tún gbérí, á sì fẹjú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ péjọ síbí, ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí inú rẹ̀ ni ohun tí mo wá sọ wà. Ọ̀pọ̀ làpálàpá tí a ń pè ní olóríkunkun ni kò le rárá nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a fi ń pa á ló ń bọ́ ọ.

Ìdílé kan náà ni ohun tó ń fa làpálàpá àti èbu tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́, àti olú tó ń hù lára igi jíjẹrà nínú igbó. Irú wọn kò lè fi oòrùn ṣe oúnjẹ fún ara wọn bí ewéko, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ rí ohun kan jẹ. Èyí tó ń ṣe làpálàpá ń jẹ keratin, ohun líle tó wà nínú awọ òkè pátápátá, nínú irun àti nínú èékánná. Bó bá ti jẹ ibì kan, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í lé e kúrò níbẹ̀, awọ ibẹ̀ á máa jinná, òun náà á sì máa wá oúnjẹ tuntun lọ sí ìta. Ẹ rántí bí iná ṣe ń jó pápá lẹ́ẹ̀rùn: àárín ti di eérú, etí ló ń jó. Ìdí nìyẹn tí làpálàpá fi ń rí bí òrùka. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ringworm, ní aràn nínú, mo sì ti rí ìyá tó fún ọmọ rẹ̀ ní oògùn aràn nítorí orúkọ náà, ṣùgbọ́n aràn kankan kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti nǹkan bí ọdún 1841 ni David Gruby, dókítà ará Hungary tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, ti fi hàn pé èbu ló wà nídìí irú àrùn bẹ́ẹ̀ ní agbárí àwọn ọmọdé.

Nínú ìwé ìṣègùn tí wọ́n kọ ní òkèèrè, wọ́n máa ń sọ pé pupa ni etí làpálàpá, nítorí pé ara àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀. Lára àwa adúláwọ̀, ó lè dúdú ju awọ tó yí i ká lọ, ó lè rí bí eérú, ó sì lè pọ́n rúsúrúsú. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa nílé, ẹ gbé ẹni náà sí ẹ̀bá fèrèsé lọ́sàn-án, kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ bà á. Ẹ ó rí etí tó ga díẹ̀ ju àárín lọ, ìpẹ́ wẹ́wẹ́ á máa bó lórí rẹ̀, bí ẹ bá sì fi ìka rà á, á dà bíi pé iyanrìn wà lábẹ́ awọ. Á máa yún, pàápàá bí òógùn bá ti mú un. Ní agbárí ọmọdé, ìrísí rẹ̀ yàtọ̀: irun á máa já nídìí, ibẹ̀ á pá, á máa bó, kókó kéékèèké sì lè so sí ẹ̀yìn ọrùn. Láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, awọ á rọ̀, á funfun bí ohun tí a rẹ sínú omi, pàápàá láàárín ìka méjì tó kẹ́yìn, lára àwọn tó ń fi bàtà onírọ́bà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Orí ọ̀rọ̀ ayé ni a ti sábà máa ń pa òwe náà, ṣùgbọ́n ní yàrá ìwòsàn, bí wọ́n ṣe pa á gan-an ló rí. Àmì ẹ̀tẹ̀ lè jẹ́ róbótó, kí ó sì ní etí bíi ti làpálàpá, nítorí náà mo máa ń fi òwú tínrín kan ojú ibẹ̀, màá ní kí aláìsàn dijú, kí ó sì máa fi ìka tọ́ka sí ibi tí mo bá fọwọ́ kàn. Ẹni tó ní làpálàpá á mọ̀. Ẹni tí ẹ̀tẹ̀ ń ṣe lè má mọ̀ pé ohunkóhun kan òun, àmì náà kì í sì í yún un. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò gbọ́dọ̀ lo oṣù kan sí i nídìí ìpara, nítorí ẹ̀tẹ̀ ṣe é wò sàn pátápátá, ọ̀fẹ́ sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti ń pèsè oògùn rẹ̀ láti ọdún 1995. Kúrúnà ní tirẹ̀ máa ń yún jù lóru, láàárín ìka ọwọ́ àti ní ọrùn ọwọ́, ó sì máa ń mú gbogbo ilé. Àrùn awọ mìíràn, pityriasis rosea, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ńlá kan, tí àwọn kéékèèké sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ní àyà àti ẹ̀yìn, sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8.

Nígbà tí ojú nìkan kò bá tó, àyẹ̀wò kan wà tí mo fẹ́ràn gidigidi. A ó fi abẹ tí kò mú rọra fá etí làpálàpá náà, kì í ṣe àárín rẹ̀, ìpẹ́ funfun fúlẹ́fúlẹ́ á sì já sórí gíláàsì pẹlẹbẹ. A ó kán kẹ́míkà olómi kan tó ń jẹ́ potassium hydroxide díẹ̀ sí i, èyí tí agbára rẹ̀ wà láàárín ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, a ó sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí àwọn ìpẹ́ náà lè rọ̀, kí wọ́n sì mọ́ gaara. Bí a bá wá fi ojú sí máíkírósíkóòpù, a ó rí àwọn fọ́nrán tó yọ ẹ̀ka bíi gbòǹgbò koríko, tí wọ́n gba àárín awọ kọjá. Mo ní kí obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wá wò ó. Ó pẹ́ kí ó tó gbójú sókè. Ó ní, "Gbogbo ìpara tí mo ti ń rà yìí, àwọn wọ̀nyí ṣì wà láàyè?"

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n wà láàyè, ara wọn sì yá. Ìpara tó ń rà jẹ́ irú èyí tí oògùn mẹ́ta wà nínú rẹ̀: ọ̀kan tó ń pa èbu, bíi clotrimazole, ọ̀kan tó ń pa bakitéríà, bíi gentamicin tàbí neomycin, ẹ̀kẹta sì ni sítẹ́rọ́ìdì, bíi betamethasone tàbí clobetasol. Sítẹ́rọ́ìdì kò pa èbu. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ fún àwọn ọmọ ogun ara pé kí wọ́n jókòó. Yíyún àti wíwú tí a ń rí jẹ́ ariwo ìjà láàárín ara àti èbu. Bí àwọn ọmọ ogun bá jókòó, ariwo á dákẹ́, aláìsàn á sọ pé oògùn náà jẹ́, èbu á sì máa jẹun lọ láìsí ẹni tó ń dí i lọ́wọ́. Clotrimazole inú ìpara náà kì í sábà borí ohun tí sítẹ́rọ́ìdì ń bàjẹ́. Ní ọdún 1968, àwọn dókítà méjì ní Britain, Ive àti Marks, ṣàpèjúwe irú làpálàpá yìí, wọ́n sì pè é ní tinea incognito, èyí tó túmọ̀ sí làpálàpá tó para dà. Òrùka rẹ̀ á pòórá, etí rẹ̀ á ṣókùnkùn, irorẹ́ wẹ́wẹ́ lè yọ sórí rẹ̀, nígbà mìíràn òrùka á sì wà nínú òrùka. Dókítà tí kò bá béèrè ohun tí aláìsàn ti ń fi pa á lè pè é ní àrùn mìíràn, kí ó sì tún kọ sítẹ́rọ́ìdì fún un.

Ìpalára yìí kì í ṣe ti làpálàpá nìkan. Clobetasol wà lára àwọn sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára jù lọ tí a ń fi pa ara. Bí a bá ń lò ó fún oṣù púpọ̀, awọ á tín-ín-rín, á máa ya ní ìlà ìlà, pàápàá ní itan àti abíyá, tí ọmọ ọwọ́ bá sì ń gbà á sára lábẹ́ nápíkìn, ó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó tún wà nínú ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn tó ń bóra ń lò, ìdí sì nìyẹn tí làpálàpá wọn fi máa ń bo gbogbo ara. Èrò tèmi, tí n kò sì ní fi pamọ́, ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ra irú ìpara yìí láìsí ìwé dókítà. Kí ó tó di pé a ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ máa ka ẹ̀gbẹ́ páálí kí ẹ tó sanwó: bí ẹ bá rí orúkọ tó parí sí "-sone", tàbí tí ẹ rí clobetasol, ẹ dá a padà.

Ìtọ́jú tó yẹ kò ṣòro. Sùúrù ló gbà. Làpálàpá kékeré lára, clotrimazole nìkan tó fún un, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, tàbí terbinafine fún ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Ẹ fọ ibẹ̀, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kí ẹ fi ìpara náà kọjá etí rẹ̀ ní nǹkan bí ìbú ìka kan, nítorí pé èbu ti wà níwájú ibi tí ojú rí i dé. Lẹ́yìn tí kò bá sí ohun tí ojú rí mọ́, ẹ ṣì máa fi clotrimazole pa á fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Ìpara Whitfield tí àwọn òbí wa mọ̀, èyí tí Arthur Whitfield ṣe ní ọdún 1907 láti ara benzoic acid àti salicylic acid, ṣì ń ṣiṣẹ́, kò sì wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń ta ènìyàn lára. Ewé àsùnwọ̀n òyìnbó tí àwọn baba wa ń gún pa làpálàpá kì í ṣe àsọdùn pẹ̀lú. Ohun tó ń pa èbu wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti tàn káàkiri ara ju agbára rẹ̀ lọ.

Bí ó bá ti gba ibi púpọ̀, tàbí tó wà ní agbárí ọmọdé, tàbí nínú èékánná, ìpara nìkan kò lè ṣe é. Oògùn mímu ni, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Àgbàlagbà sábà máa ń lo terbinafine 250 mg lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 fún ti ara, àti ọ̀sẹ̀ 12 fún èékánná ẹsẹ̀. Griseofulvin tí a ń fún àwọn ọmọdé fún ti orí ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, oúnjẹ tó ní ọ̀rá ló sì yẹ kí wọ́n fi lò ó kí ara lè gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ra ketoconazole oníhóró fún làpálàpá. Láti ọdún 2013 ni àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù ti kìlọ̀ nípa rẹ̀, nítorí ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Irú èbu kan wà lóòótọ́ tí kò gbọ́ terbinafine. Trichophyton indotineae ni orúkọ rẹ̀. India àti agbègbè rẹ̀ ló ti gbilẹ̀, ọdún 2020 sì ni àwọn onímọ̀ ní Japan fún un lórúkọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n kéde obìnrin méjì tó ní i ní New York, ọ̀kan nínú wọn kò sì rìnrìn àjò lọ sí òkèèrè láìpẹ́ sí ìgbà náà. Itraconazole fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ la sábà máa ń fi tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó di ẹ̀bi ru èbu, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n lo oògùn náà pé, bóyá sítẹ́rọ́ìdì wà nínú rẹ̀, bóyá àìsàn àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, àti ta ni ó ń kó o ran ẹni náà nínú ilé.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì. Aṣọ ìnura kan fún ènìyàn mẹ́rin, fìlà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ ń dé, kílípà onígbàjámọ̀ tí wọn kò fọ̀ láàárín orí kan sí èkejì, ológbò tí irun rẹ̀ ń re: ibẹ̀ ló ti ń padà wá. Ẹ tọ́jú gbogbo ẹni tó ní i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ẹ sá wọn sóòrùn, kí ẹ sì lọ̀ wọ́n.

Obìnrin oníṣòwò náà kó ìpara mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ fún mi. Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé yíyún náà á kọ́kọ́ pọ̀ sí i, nítorí àwọn ọmọ ogun ara á dìde, bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ó fara dà á. A tọ́jú ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tó ti ní i ní ẹsẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a tún fá ara rẹ̀ sórí gíláàsì, a kò sì rí fọ́nrán kankan mọ́. Àpá dúdú ló kù ní ìbàdí, èyí tí yóò máa ṣí díẹ̀díẹ̀, àti ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ ní itan méjèèjì níbi tí awọ ti ya. Ó bi mí bóyá ìpara kan wà tó lè pa àwọn ìlà náà rẹ́. Mo sọ fún un pé kò sí.